Ẹ Bi Wá Léèrè: Ìbọn Ìléwọ́ Ayé Ogun Hítílà Tó Di Ogún

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìbọn àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà yín. Márùn-ún la mú, a gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò. Kí ẹ tó ka èyíkéyìí, ẹ fi sọ́kàn pé ibi tí ẹ ń gbé ló ń pinnu bóyá ogún ló wà lọ́wọ́ yín àbí ẹ̀sùn. Ohun tó bófin mu ní Houston lè sọ ènìyàn dèrò ẹ̀wọ̀n ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bàbá ìyá ìyàwó mi, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ tó jagun Hítílà ní Yúróòpù, kú sí Georgia lọ́dún tó kọjá. Ó fi ìbọn ìléwọ́ kan sílẹ̀ fún ìyàwó mi nínú ìwé ìhágún. “P.38” wà lápá òsì rẹ̀, nọ́ńbà tẹ̀ lé e pẹ̀lú lẹ́tà kékeré kan, lẹ́yìn náà “byf” àti “44”. Ó ti dógùn-ún díẹ̀. Oníṣòwò kan lóun á san $300. Báwo la ṣe lè mọ ìtàn rẹ̀ àti iye tó tọ́ sí i? Ṣé ká kọ́kọ́ fá ìpẹtà rẹ̀ kó lè dán? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston, Texas

Ẹ má fá a, ẹ má sì tíì gba $300 yẹn. P.38 ni orúkọ ìbọn náà, ìbọn ìléwọ́ àwọn sójà Jámánì nígbà ogun Hítílà.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò léwu, kí ìka yín jìnnà sí ìfà. Ìdè tó di ilé ọta P.38 mú wà ní ìsàlẹ̀ èèkù, lápá ẹ̀yìn. Ẹ fà á sẹ́yìn, ilé ọta á yọ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa síláìdì, ìyẹn irin òkè tó ń lọ síwá-sẹ́yìn, títí dé ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ ti ìdè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì férémù, ìyẹn irin ìsàlẹ̀ tó so mọ́ èèkù, sókè kí síláìdì lè dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá tan iná sínú ihò ọta, kí ẹ sì fi ìka ọmọńdinrín kàn án. Irin tín-ín-rín kan máa ń yọrí lókè òòlù nígbà tí ọta bá wà nínú ihò, ṣùgbọ́n lára ìbọn tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, irin yẹn lè há. Ojú àti ìka ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ìdènà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síláìdì ló máa ń dá jàǹbá sílẹ̀ jù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ nígbà tí òòlù wà ní kíkọ, ńṣe ló ń já òòlù náà sílẹ̀. Nígbà tí ìbọn ṣì tuntun, ìdènà yìí á ti há abẹ́rẹ́ ìbọn mọ́ kí òòlù tó balẹ̀. Bí irin inú rẹ̀ bá ti jẹ, abẹ́rẹ́ lè lọ síwájú, ìbọn á sì dún. Nítorí náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ láé bí ọta bá wà nínú ihò. Bí síláìdì bá kọ̀ tí kò ṣí nítorí ìpẹtà, ẹ má lù ú, ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ìbọn tú u.

Ní ti òfin, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí ìbọn tí ènìyàn jogún ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn láìgba ọwọ́ oníṣòwò tó ní láísẹ́ńsì kọjá. Texas kì í forúkọ ìbọn ìléwọ́ sílẹ̀. Ti àwọn ará California yàtọ̀: ajogún gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ìpínlẹ̀ létí láàárín 30 ọjọ́. Ní New York, láísẹ́ńsì ni yóò ṣáájú kí ìbọn tó dọ́wọ́ ẹni. Bí ẹ bá máa wà á láti Georgia wá sílé, kí ó wà láìlọ́ta nínú àpótí alágádágodo, nínú bùùtù ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, inú àpótí líle tó ní kọ́kọ́rọ́ ni, inú ẹrù tí ẹ ó fà lé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ni yóò wà, kì í ṣe báàgì ọwọ́, ẹ ó sì sọ fún wọn ní káńtà.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn wa kì í rántí. Ìyàwó yín ló jogún, kì í ṣe ẹ̀yin. Òfin àpapọ̀ kà á léèwọ̀ fún ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, ìbáà ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́, láti ní ìbọn lọ́wọ́, àfi ìwọ̀nba àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Ẹni tó ní gíríìnkáàdì kò sí lábẹ́ èèwọ̀ yẹn. Bí àbúrò yín tó wá kàwé bá ń gbé lọ́dọ̀ yín, kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn kò gbọdọ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka ara ìbọn. Àmì ìkọ̀kọ̀ ilé iṣẹ́ ni “byf”. Jámánì kò fẹ́ kí ọ̀tá mọ ibi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà, wọ́n wá fi lẹ́tà rọ́pò orúkọ. Mauser ní Oberndorf ni byf, 44 sì ni ọdún 1944. Ní 1945, Mauser pa àmì náà dà sí svw. Walther ní Zella-Mehlis, tó dá irú ìbọn yìí sílẹ̀, ní ac. Spreewerk ní Grottau, ìlú tó ń jẹ́ Hrádek nad Nisou ní Czech báyìí, ni cyq. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọ ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan kí ogun tó parí, nítorí náà P.38 kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Àwọn àkọ́bí Walther ló ṣọ̀wọ́n: nǹkan bí 13,000 tí nọ́ńbà wọn fi òdo bẹ̀rẹ̀, tí àmì Walther gan-an sì wà lára wọn, àti nǹkan bí 7,000 tó tẹ̀ lé wọn tí a kọ “480” sí. Tiyín kò sí lára ìwọ̀nyí. Byf 44 wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ojúlówó tí kò tíì dàrú ń rí oníbàárà kíákíá.

Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, kí ẹ wá òǹtẹ̀ ẹyẹ idì tí nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀. Idì àwọn olùyẹ̀wò ológun nìyẹn. Ti Mauser ni 135, ti Walther ni 359, ti Spreewerk ni 88. Bí 135 bá wà lára síláìdì, tí 359 sì wà lára férémù, ìbọn méjì ni wọ́n so pọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rí 140, ẹ má tètè bẹ̀rù: FN, ilé iṣẹ́ ìbọn kan ní Belgium, ń bá wọn rọ àwọn apá kan nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ Jámánì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe kúrò ní ilé iṣẹ́.

Ẹ wá fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà. Ó wà lára síláìdì, ó wà lára férémù, ó sì wà lára ọ̀pá ìbọn. Kí ẹ lè rí ti ọ̀pá dáadáa, ẹ lè tú u dé ìwọ̀n yìí: ìbọn ti ṣófo, ìdènà wà nísàlẹ̀, síláìdì dúró lẹ́yìn. Ẹ yí ìdè tó wà níwájú férémù lápá òsì kó kọjú síwájú. Ẹ di síláìdì mú ṣinṣin, torí sípíríǹgì ń tì í, ẹ jẹ́ kó rọra yọ́ síwájú títí òun àti ọ̀pá á fi bọ́ kúrò. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má ṣí irin pẹlẹbẹ tó bo ẹ̀yìn síláìdì lókè. Òun ló di ojú ìfojúsùn ẹ̀yìn àti àwọn irin inú mú. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ yín, kì í jókòó dáadáa mọ́, ó sì lè fò jáde lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá yìn ín. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, títí dórí lẹ́tà kékeré náà, iṣẹ́ ti ṣe. Lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì: bí nọ́ńbà bá ti dé 10,000, wọ́n á fi lẹ́tà tuntun kún un, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti 1. Nọ́ńbà láìsí lẹ́tà, àmì ilé iṣẹ́ àti ọdún kò tọ́ka sí ìbọn kankan.

Ní ti dídán tí ẹ béèrè, ẹ wo bí irin náà ṣe rí. Ní 1944, ogun ti le, wọn kò ráyè dán nǹkan mọ́. Àpá ẹ̀rọ tó gé irin máa ń hàn gbangba. Lára àwọn byf tó kẹ́yìn ọdún yẹn, síláìdì lè dúdú bí aró kí férémù sì ní àwọ̀ eérú tàbí ewé gbígbẹ. Àwọn tó ń ra ìbọn yìí fẹ́ rí àpá yẹn àti àwọ̀ méjì yẹn. Byf 44 tó ń kọ mọ̀nà bíi dígí ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fi sáńpépà kàn án. Ẹ ó mọ̀ ọ́n níbi tí etí lẹ́tà àti nọ́ńbà ti di róbótó, tí òǹtẹ̀ idì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, tí àwọ̀ tuntun sì wà nínú ihò tí ìpẹtà ti jẹ. Ó lè gé owó ìbọn sí ìdajì. Aṣọ àti sáńpépà ẹni tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ti ba ìbọn jẹ́ ju ìpẹtà lọ.

Bí ẹ ṣe máa tọ́jú ìpẹtà rẹ̀ nìyí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí iyọ̀ òógùn ọwọ́ ń jẹ irin. Ẹ fi epo ìbọn fẹ́ẹ́rẹ́ pa ibi tó pupa, kó sùn mọ́júmọ́, kí ẹ sì fi aṣọ òwú nù ún. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi igi tí a fi ń tayín ha á pẹ̀lú epo. Èyí tó bá tún lágídí, ẹ fi etí bàbà tí kò mú, pẹ̀lú epo, torí bàbà rọ̀ ju irin yìí lọ. Ibi tí pupa bá ti tán, tí dúdú tàbí búráùn ṣẹ́kù, ẹ ti parí nìyẹn. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì onírin, kò sí ọtí kíkan, kò sí aró inú ìgò tí wọ́n ń tà fún kíkun ìbọn. WD-40 náà kọ́ ni epo ìfipamọ́: bí ó bá gbẹ, ó máa ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ. Ẹ lè fi ìda Renaissance pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìparí, ìda tí àwọn oníṣẹ́ British Museum ṣe, tí àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ń lò. Ẹ má tọ́jú ìbọn sínú àpò awọ rẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi ṣe awọ àti ọ̀rinrin tó ń fà mọ́ra á jẹ ẹ̀gbẹ́ tó kàn án. Houston ní ọ̀rinrin púpọ̀, ẹ fi àwọn àpò kékeré sílíkà tó ń fa ọ̀rinrin sínú àpótí náà, kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ má kọjá ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìtàn ńkọ́? Kò sí ìwé tí ẹ máa ṣí tí ẹ ó bá orúkọ sójà Jámánì tí wọ́n fún ní nọ́ńbà yín, àfi bí bàbá bá mú ìwé owó-oṣù sójà náà bọ̀ pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà ohun ìjà sínú ìwé yẹn. Ìtàn tí ẹ lè rí ni ti bàbá. Ẹ kọ̀wé sí ibi ìpamọ́ ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní St. Louis. Iná jó ibẹ̀ ní 12 oṣù keje, 1973, ó sì jó nǹkan bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìwé àwọn sójà orí ilẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín 1912 sí 1960. Nítorí náà, ẹ wá ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ nílé, èyí tí a ń pè ní WD AGO 53-55, tàbí kí ẹ béèrè ní kóòtù káúńtì rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ sójà ló fi ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ó máa sọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà, ibi tó ti jà àti ọjọ́ tó kúrò ní Yúróòpù. Ẹ fi wé ọdún orí ìbọn. Bí àpẹẹrẹ, Red Ball Express, ìyẹn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ológun Amẹ́ríkà tó ń kó ohun èlò lọ sójú ogun, tí ọ̀pọ̀ jù lọ awakọ̀ wọn jẹ́ adúláwọ̀, ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé láti oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá 1944. Byf 44 lè ti ibẹ̀ wá. Svw 45 kò lè ti ibẹ̀ wá, bó ti wù kí ìtàn náà dùn tó.

Ẹ tún tú àpòòwé, Bíbélì àtijọ́ àti àpò kékeré inú àpò ìbọn. Ọ̀gá ológun máa ń fọwọ́ sí ìwé kan tó gba sójà láyè láti mú ohun ìjà ọ̀tá lọ sílé, nọ́ńbà ìbọn sì máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ìwé yẹn bá wà, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ìbọn mu, ó lè fi ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan lé owó rẹ̀. Ní òdìkejì, bí ẹ bá rí orúkọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan pẹ̀lú ìlú àti ìpínlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n kọ wínníwínní sára ọ̀pá tàbí síláìdì, òǹtẹ̀ àwọn tó ń kó ìbọn wọ̀lú ni. Òfin 1968 ló fi dandan lé e. Ìbọn tó bá ní i kì í ṣe èyí tó bá bàbá wálé ní 1945.

Ó ku owó. Byf 44 tí nọ́ńbà rẹ̀ bára mu, tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì di àtúnkùn, sábà máa ń wọ $1,000 sókè ní Amẹ́ríkà. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bára mu tàbí tí a tún kùn lè jábọ́ dé ìdajì. Iye tí wọ́n ti tà á ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye tí àwọn tó ń tà ń pè. Lórí GunBroker, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta ìbọn, ẹ wá àwọn tí títà wọn ti parí. Ẹ tún wo àbájáde ilé gbàǹjo bíi Rock Island àti Morphy, kí ẹ rántí pé iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ sábà máa ń ní owó tí oníbàárà ń san fún ilé gbàǹjo nínú. Àmì kan náà, ọdún kan náà, nọ́ńbà tó bára mu, ìwọ̀n àwọ̀ kan náà: irú bẹ́ẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ti tó. Ilé ọta tó ní òǹtẹ̀ idì náà lówó tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò fi ti òde òní pàrọ̀ rẹ̀ níwájú yín.

Ẹni tó bá máa díye lé e, owó wákàtí tàbí owó iṣẹ́ ni kí ẹ san fún un, kì í ṣe ìdá kan nínú iye tó bá pè, kí ó sì má jẹ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Kí ó kọ iye owó tí ìbọn náà tó lọ́jọ́ tí bàbá kú sínú ìwé, torí iye yẹn ni ilé iṣẹ́ owó orí á fi ṣe ìpìlẹ̀ bí ìyàwó yín bá tà á lọ́jọ́ iwájú.

Bàbá bàbá mi lọ sógun Bọ́mà. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, a rí ìbọn ìléwọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ wé nínú àpótí pákó. Lẹ́tà bíi ti àwọn ará Ṣáínà wà lára rẹ̀, àti “18.6”. Àbúrò mi ní 1918 ni wọ́n ṣe é, pé olówó gọbọi ni. Ibo la ti lè tà á? — Ìbàdàn

Kò sí ibi tí ẹ ti lè tà á. Òfin ìbọn Nàìjíríà ka gbogbo ìbọn ìléwọ́, títí kan ti àtijọ́ tó ń fi òkúta ìṣáná dáná sí ẹ̀tù, mọ́ ohun ìjà tí a kà léèwọ̀. Láísẹ́ńsì ìbọn ọdẹ kò bò ó, jíjogún rẹ̀ kò sì gbà yín sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé e lọ fi han ẹnikẹ́ni ní ọjà ti wà lábẹ́ òfin bí ẹni tó ní i lọ́wọ́.

Ẹ dá a padà sínú àpótí, ẹ tì í, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì pa fọ́tò rẹ̀ rẹ́ kúrò lórí WhatsApp ẹbí. Kí olórí ẹbí mú lọ́yà, kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá láìgbé ìbọn náà dání, kí wọ́n ṣàlàyé, kí àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn wá gbé e. Ẹ mú ìwé ikú bàbá dání. Ẹ má fi í sílẹ̀ láìgba ìwé tó ní ọjọ́, àpèjúwe ìbọn, nọ́ńbà rẹ̀, àti orúkọ ọlọ́pàá tó gbà á.

Àbúrò yín ṣì í kà. Japan ló ní lẹ́tà yẹn. Ọdún ìjọba Showa, olú-ọba Japan ìgbà náà, ni 18, èyí tí ọdún kìíní rẹ̀ jẹ́ 1926. Ẹ fi 1925 kún un, ẹ ó rí 1943, oṣù kẹfà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Type 14, ìbọn ológun Japan tó ń yìn ọta mílímítà 8. Ẹ̀ka ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà 81 wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, nítorí náà ọjọ́ orí ìbọn kò ta ko ìtàn bàbá. Kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ náà, torí ìbọn lè gba ọwọ́ mẹ́wàá kọjá kó tó dé inú àpótí pákó.

Bí ẹ bá ń wá ohun tó níye lórí tó sì bófin mu, ẹ padà sínú àpótí kan náà. Ẹ wá ìwé owó-oṣù rẹ̀, ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ àti ìràwọ̀ Bọ́mà, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún àwọn tó jagun níbẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn kò ní orúkọ lára. Ìràwọ̀ láìsí ìwé kò yàtọ̀ sí ẹgbàágbèje irú rẹ̀, nítorí náà ẹ má ya méjèèjì nípa.

Ọkọ mi, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo rí ìbọn bàbá rẹ̀ lókè àjà. Ọta mẹ́fà ló ń gbà, inú rẹ̀ ń yí bìrí. “ENFIELD No2 MkI*” wà lára rẹ̀ àti 1941. Ìrù òòlù rẹ̀ ti kán. Ṣé ó ṣeé tún ṣe kí n tó tà á? — Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ má gbé e jáde nílé, yálà nínú báàgì tàbí nínú ọkọ̀. Ẹ pe 101 lónìí, ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe rí i, kí wọ́n wá gbé e. Láti 1997, lẹ́yìn ìpakúpa Dunblane, níbi tí ẹnìkan ti yìnbọn pa àwọn ọmọ iléèwé, òfin ti gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ní Bìrìtìkó, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ló sì jẹ́ ìjìyà tó kéré jù fún ẹni tí kóòtù bá dá lẹ́bi, àfi bí ọ̀ràn rẹ̀ bá yàtọ̀ gedegbe. Ẹni tó rí i tó sì pè lójú ẹsẹ̀ kò jọ ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́.

Òòlù rẹ̀ kò kán. Mk I*, tó jáde ní 1938, kò ní ìrù lójú òòlù láti ilé iṣẹ́, torí ìrù náà máa ń há sára nǹkan nínú ọkọ̀ ogun. Ìfà nìkan ló ń gbé e. Ẹni tó bá so ìrù mọ́ ọn ti bà á jẹ́.

Òfin ní àyè díẹ̀ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti fún ohun tí sójà gbà lójú ogun kí 1946 tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ fún sójà rẹ̀ kì í ṣe ìkógun, Enfield 1941 kò sì ṣọ̀wọ́n tó láti wọ ti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun tó kù ni pé kí ẹ sọ fún ọlọ́pàá pé ẹ fẹ́ kí oníṣòwò tó ní àṣẹ gbà á lọ́wọ́ wọn láti sọ ọ́ di aláìlè-dún, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí láti ilé ìdánwò ìbọn ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Birmingham. Ẹ fi owó iṣẹ́ yẹn wé ohun tí wọ́n ń ta irú rẹ̀, nítorí èrè rẹ̀ lè má tó nǹkan. Bí àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ yín bá sọ pé ìbọn náà “ti kú tipẹ́”, pé kò lè dún mọ́, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn ìbọn tí wọ́n sọ di aláìlè-dún láyé àtijọ́ lọ́nà tí kò bá òfin òní mu, ènìyàn lè fi wọ́n pamọ́, ṣùgbọ́n kò lè tà wọ́n tàbí fi wọ́n tọrẹ.

Ọta ìgbà ogun mẹ́jọ wà nínú ilé ọta P.38 tí mo jogún. Ṣé mo lè lọ yìn wọ́n ní ibi ìdánrawò? — Atlanta

Rárá o. Ọ̀pọ̀ ọta Jámánì ìgbà yẹn ní ìkarahun irin. Nínú ilé ọta tó ti gbàgbé síbẹ̀ fún ọgọ́rin ọdún, ìkarahun lè ti jẹ, ẹ̀tù lè ti bàjẹ́. Bí ọta bá dún ní ìlàjì agbára, orí rẹ̀ lè há sínú ọ̀pá, èyí tó bá tẹ̀ lé e á sì fọ́ ọ̀pá. Oògùn ìdáná inú wọn tún lè fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá, iyọ̀ tí epo kì í yọ, àfi omi gbígbóná. Àwọn tó ń kó ọta jọ ń ra wọ́n, pàápàá bí páálí wọn bá wà. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ilé ọta, kí sípíríǹgì sinmi.

Bí ẹ bá fẹ́ dandan kí ìbọn náà dún, kí alágbẹ̀dẹ ìbọn kọ́kọ́ yẹ síláìdì wò bóyá ó ti sán, kí ó sì pààrọ̀ àwọn sípíríǹgì. Ẹ tọ́jú sípíríǹgì àtijọ́ sínú àpòòwé. Síláìdì tó bá sán kò ní arọ́pò tó ní nọ́ńbà kan náà.

Wọ́n ń ta P.38 kan ní gbàǹjo ìlú wa. “X” wà lára rẹ̀, “SS” wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkù. Ẹni tó ń tà á ní ti ọ̀gá ológun Hítílà kan ni, ó sì ń béèrè ìlọ́po mẹ́ta owó ọjà. — Dallas

X yẹn sábà máa ń jẹ́ àmì àwọn ará Rọ́ṣíà. Wọ́n kó ìbọn Jámánì tó pọ̀ lẹ́yìn ogun, wọ́n tú wọn palẹ̀, wọ́n tún wọn kùn ní dúdú, wọ́n to apá ìbọn oríṣiríṣi pọ̀, wọ́n sì fi irinṣẹ́ oníná mànàmáná tó ń kọ̀wé sára irin kọ nọ́ńbà tuntun sára èyí tí kò bára mu. Ìbọn gidi ni, ṣùgbọ́n òun ló rẹlẹ̀ jù lówó. Ẹ wá òǹtẹ̀ àwọn tó kó o wọ Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ ó rí i lábẹ́ ọ̀pá.

SS ni ẹgbẹ́ ológun tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú Hítílà. “SS” tó wà lórí ìbọn tí Rọ́ṣíà tún kùn, ẹ fi awò wò ó. Bí etí lẹ́tà náà bá gé àwọ̀ tuntun já, tí irin funfun sì hàn nínú rẹ̀, ẹ̀yìn àtúnkùn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìyẹn lẹ́yìn tí SS ti tú ká. Owó ìbọn ni kí ẹ san, ẹ má san ti ìtàn. Bí ó bá sọ pé ìwé wà, kí ó mú ìwé tó ní nọ́ńbà wá kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá mú un wá, iye P.38 tí Rọ́ṣíà tún ṣe ni kí ẹ pè, kí ẹ sì dákẹ́.